Bí a ṣe ń fi HpaII àti MspI wá mẹ́tíìlì lórí DNA, kí ẹ́ńsáìmù tí kò ṣiṣẹ́ má bàa tàn wá jẹ

Ẹni tó bá fi ẹ́ńsáìmù HpaII gé DNA, tó wá rí i pé PCR rẹ̀ (ọ̀nà tí à ń gbà sọ DNA di púpọ̀) ṣì yọ dáadáa, kíá ló máa kọ ọ́ sílẹ̀ pé mẹ́tíìlì, àmì kékeré tí ara ń fi sórí lẹ́tà C nínú DNA, wà níbẹ̀. Ó lè rí bẹ́ẹ̀ lóòótọ́. Ó sì lè jẹ́ pé ẹ́ńsáìmù ọ̀hún kò ṣiṣẹ́ rárá. Ẹ̀rọ PCR kò mọ ìyàtọ̀ láàárín DNA tí mẹ́tíìlì dáàbò bò àti DNA tí ẹ́ńsáìmù kò rí gé. Pé ó wà lódidi nìkan ni ẹ̀rọ mọ̀. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ èèyàn fi ń rí mẹ́tíìlì níbi gbogbo, títí kan ibi tí kò lè sí. Gbogbo ìgbésẹ̀ tó wà nísàlẹ̀ yìí, ohun kan ni wọ́n wà fún: kí ẹ kọ́kọ́ fi ẹ̀rí múlẹ̀ pé ẹ́ńsáìmù yín gé gbogbo ohun tó yẹ kó gé, kí ẹ tó sọ̀rọ̀ nípa ohun tó ṣẹ́kù.

Lẹ́tà mẹ́rin ni HpaII àti MspI ń wá lórí DNA: CCGG. Bí C kejì, èyí tí G tẹ̀ lé, bá ní mẹ́tíìlì lórí, HpaII kò ní gé e. MspI máa gé e, mẹ́tíìlì ì báà wà lórí C kejì yẹn tàbí kó má sí. HpaII ló ń bi DNA ní ìbéèrè. MspI ló ń sọ fún wa bóyá ìbéèrè náà tilẹ̀ ṣeé bi níbẹ̀. DNA èèyàn tí a mú jáde látinú ẹ̀jẹ̀ ni mo fi ṣe àpẹẹrẹ. Ọ̀rọ̀ ohun ọ̀gbìn yàtọ̀ díẹ̀, mo sì fi í sí ìparí.

Ohun tí ẹ máa nílò

- DNA tó mọ́, tí okùn rẹ̀ méjèèjì ṣì so pọ̀, tó tó 660 ng fún sáńpù kọ̀ọ̀kan. Túùbù EDTA ni kí ẹ fi gba ẹ̀jẹ̀. Ẹ má fi ti heparin gbà á, torí heparin máa ń dí PCR lọ́wọ́.
- HpaII àti MspI, pẹ̀lú bọ́fà 10× tó bá wọn wá.
- Glycerol 50%.
- pUC19 (DNA kékeré tó rí bí òrùka) àti DNA lambda (ti fáírọ́ọ̀sì kan). Inú bakitéríà E. coli ni wọ́n ti ń pọ̀ sí i, E. coli kì í sì í fi mẹ́tíìlì sórí CG (C tí G tẹ̀ lé).
- M.SssI (ẹ́ńsáìmù tó ń fi mẹ́tíìlì sórí CG) àti SAM tuntun (ohun tó ti ń mú mẹ́tíìlì náà), láti fi ṣe DNA tí gbogbo CG rẹ̀ ní mẹ́tíìlì.
- Práímà (ègé DNA kékeré tí PCR fi ń bẹ̀rẹ̀) oríṣi mẹ́rin: ti ibi tí ẹ fẹ́ wò, ti ibì kan tí kò ní CCGG rárá, ti lambda, tí CCGG wà láàárín rẹ̀, àti ti agbègbè tó ń darí H19 àti IGF2 lórí krómósómù 11.
- Ẹ̀rọ qPCR (PCR tó ń wọn iye DNA bó ṣe ń pọ̀ sí i) àti àpòpọ̀ SYBR Green, àwọ̀ tó ń tàn bí DNA ṣe ń pọ̀.
- Agarose, àti fìrísà −20°C.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí fìrísà. Èyí tó máa ń yọ́ yìnyín ara rẹ̀ fúnra rẹ̀ kò dára fún ẹ́ńsáìmù, torí ó máa ń gbóná díẹ̀ láti lè yọ́ yìnyín náà, á tún dì padà, lóòrèkóòrè. Níbi tí wọ́n ti ń mú iná lọ, ẹ kó ẹ́ńsáìmù sínú àpótí atutù tí wọ́n ń pè ní kúúlà bẹ́ńsì, kí àpótí náà fúnra rẹ̀ wà ní ìsàlẹ̀ fìrísà pátápátá, láàárín àwọn ike omi tó ti dì. Bí iná bá lọ, ẹ má ṣí ilẹ̀kùn fìrísà yẹn. Ẹ́ńsáìmù tó ti rẹ̀ kì í yí àwọ̀ padà, kì í sì í rùn. Inú èsì yín ló ti máa fara hàn, á sì fara hàn bíi mẹ́tíìlì.

1. Ẹ yan ojú ìgé, kí ẹ sì ṣètò práímà

Ẹ mú ìlà DNA tí ẹ fẹ́ wò látinú Ensembl tàbí UCSC Genome Browser, kí ẹ wá gbogbo CCGG tó wà níbẹ̀. Kí práímà méjèèjì gba CCGG sí àárín, kí ohun tí PCR máa yọ sì gùn láàárín 80 sí 150 bp (iye lẹ́tà orí DNA). Práímà fúnra rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ jókòó lórí CCGG.

CCGG mélòó ló yẹ kó wà láàárín? Bó bá jẹ́ iye mẹ́tíìlì lẹ fẹ́ mọ̀, ọ̀kan tàbí méjì ti tó. Ìgé ẹyọ kan ti tó láti mú okùn DNA kan kúrò lójú PCR. Bí CCGG márùn-ún bá wà níbẹ̀, tí mẹ́rin ní mẹ́tíìlì, tí ọ̀kan kò ní, PCR máa kà á bíi pé kò sí mẹ́tíìlì rárá. Ohun tí ẹ̀ ń wọ̀n níbẹ̀ ni ìdá àwọn okùn DNA tí gbogbo ojú wọn ní mẹ́tíìlì, kì í ṣe ìpíndọ́gba. Ọ̀pọ̀ èèyàn ń kọ ọ́ sínú ìwé bí ìpíndọ́gba, kò sì tọ́.

Ẹ tún wo dbSNP, àkójọ àwọn àyípadà orí DNA, bóyá CCGG yín máa ń yàtọ̀ láti ọ̀dọ̀ ẹnì kan sí ẹlòmíì. C tó ní mẹ́tíìlì máa ń tètè yí padà di T ju C lásán lọ, ìyẹn ni CG fi wà lára ibi tí àyípadà ti pọ̀ jù lórí DNA èèyàn. Lára ẹni tí CCGG rẹ̀ ti di CTGG, kò sí ẹ́ńsáìmù kankan nínú méjèèjì tó máa gé e.

*Àyẹ̀wò:* Ẹ fi DNA tí ẹ kò gé ṣe ìlà ìdíwọ̀n, kí ẹ là á ní ìlọ́po 10 nígbà mẹ́rin. Ìdagẹ̀rẹ̀ ìlà náà yẹ kó wà nítòsí −3.3, kí ìyọ PCR sì wà láàárín 90% sí 110%. Òkè kan ṣoṣo ló yẹ kó hàn nígbà tí ẹ bá wo ìyọ́ rẹ̀. Bí práímà kan bá kùnà níbí, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Ìṣirò tó wà níwájú kò ní ní ìtumọ̀ láìsí èyí.

2. Ẹ dán ẹ́ńsáìmù wò kí sáńpù tó dé ọwọ́ yín

Túùbù mẹ́ta, 500 ng pUC19 nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan: ọ̀kan láìsí ẹ́ńsáìmù, ọ̀kan pẹ̀lú HpaII 10 yúnítì, ọ̀kan pẹ̀lú MspI 10 yúnítì. 37°C fún wákàtí kan. Lẹ́yìn náà ẹ fi jẹ́ẹ̀lì agarose 2% sáré wọn.

*Àyẹ̀wò:* pUC19 tó gùn ní 2,686 bp máa já sí ègé 13. Èyí tó tóbi jù jẹ́ 501 bp, 489 tẹ̀ lé e, wọ́n sì sábà máa ń hàn bí ìlà kan tó nípọn; lẹ́yìn wọn ni 404, 331 àti 242. Àwọn kéékèèké bíi 34 àti 26 lè má hàn rárá, ẹ má fìyẹn ṣe. Ojú HpaII àti ti MspI gbọ́dọ̀ jọra. Bí ìlà kankan bá wà lókè 501, ìgé kò tíì parí, ẹ́ńsáìmù yẹn kò sì tíì yẹ lẹ́ni tí à ń gbé sáńpù lé lọ́wọ́.

3. Ẹ mú DNA jáde, kí ẹ sì mọ irú DNA tó jẹ́

Ohun tó máa ń ba iṣẹ́ jẹ́ níbí tí ọ̀pọ̀ kò fura sí ni DNA tí wọ́n sè. Ọ̀nà Chelex yá, owó rẹ̀ kò pọ̀, ó sì dára fún PCR lásán. Ṣùgbọ́n sísè máa ń tú okùn méjèèjì DNA sọ́tọ̀, okùn méjì tó so pọ̀ ni HpaII sì mọ̀ ọ́n gé. DNA bẹ́ẹ̀ máa kọjá níwájú ẹ́ńsáìmù láìfarapa, PCR á yọ ọ́ dáadáa, ẹ ó sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé mẹ́tíìlì 100%. Ẹ lo kọ́lọ́ọ̀mù tàbí ọ̀nà iyọ̀ pẹ̀lú proteinase K.

Lẹ́yìn tí ẹ bá fi ẹ̀tánọ́ọ̀lù fọ kọ́lọ́ọ̀mù, ẹ tún yí i ní gbígbẹ fún ìṣẹ́jú 2 nínú túùbù mìíràn. Bí DNA bá ń léfòó jáde kúrò nínú ihò jẹ́ẹ̀lì bí ẹ ṣe ń kó o sí i, ẹ̀tánọ́ọ̀lù ṣì wà nínú rẹ̀, ó sì máa dí ẹ́ńsáìmù lọ́wọ́. Omi tàbí Tris 10 mM ni kí ẹ fi yọ DNA. EDTA inú bọ́fà TE máa ń gba magnesium lọ́wọ́ ẹ́ńsáìmù. Díẹ̀ kò pa nǹkan lára, ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí DNA inú TE kó ìdajì àpòpọ̀ yín.

*Àyẹ̀wò:* Àwọn nọ́ńbà tó ń fi hàn pé DNA mọ́: 260/280 nítòsí 1.8, 260/230 nítòsí 2.0. Ẹ wá fi Qubit wọ̀n ọ́, èyí tó ń ka okùn méjì nìkan. Bí NanoDrop bá ní 100 ng/µl tí Qubit ní 10, RNA tàbí DNA okùn kan ló kún ibẹ̀. Lórí jẹ́ẹ̀lì 0.8%, ìlà kan tó nípọn ló yẹ kó jókòó sókè, láìsí ìrù gígùn tó ń wọ́ lọ sísàlẹ̀.

4. Ẹ pò ó lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ tó pín in

Ẹ má po túùbù mẹ́ta lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Pìpẹ́ẹ̀tì tó bá ṣì díẹ̀ lórí ọ̀kan máa di mẹ́tíìlì èké nígbà tí ẹ bá ń ṣírò. Fún sáńpù kan, ẹ po èyí sínú túùbù kan lórí yìnyín:

- DNA 660 ng
- DNA lambda 10 pg
- bọ́fà 10×, 16.5 µl
- omi tó máa mú un pé 161.7 µl

Ẹ pín in ní 49 µl sínú túùbù mẹ́ta. Ẹ fi 1 µl glycerol 50% sínú túùbù A, 1 µl HpaII (10 yúnítì) sínú B, 1 µl MspI sínú C. Èyí tó ṣẹ́kù wà fún ohun tó máa ṣòfò nínú pìpẹ́ẹ̀tì.

Lambda yẹn ni ọkàn iṣẹ́ yìí. Jínómù èèyàn kan wọ̀n tó 3.3 pg, nítorí náà 200 ng inú túùbù kọ̀ọ̀kan jẹ́ ẹ̀dà bí 60,000. Lambda 3 pg tó bọ́ sínú túùbù kan náà fẹ́rẹ̀ẹ́ tó iye ẹ̀dà kan náà. Inú omi kan náà ni òun àti DNA èèyàn wà: ìdọ̀tí tó bá dí HpaII lọ́wọ́ lórí DNA èèyàn, ó máa dí i lọ́wọ́ lórí lambda pẹ̀lú. Àyẹ̀wò pUC19 tó wà ní ìgbésẹ̀ 2 ń sọ pé ẹ́ńsáìmù yín dára. Lambda ń sọ pé ó rí iṣẹ́ ṣe *nínú túùbù yìí*. Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra: láàbù tó ń lo lambda tí wọ́n ti gé bí àtẹ̀gùn ìdíwọ̀n lórí jẹ́ẹ̀lì, ara tábìlì àti pìpẹ́ẹ̀tì wọn ló kún fún lambda. Ibòmíràn, pẹ̀lú pìpẹ́ẹ̀tì mìíràn, ni kí ẹ ti la tiyín.

Bí ẹ bá ti ju ẹ́ńsáìmù sínú túùbù, ẹ gbé e síwájú iná kí ẹ wò ó. Ẹ máa rí okùn kan tó ń dán, tó ń rọra ṣubú lọ sí ìdí túùbù. Glycerol nìyẹn, ẹ́ńsáìmù sì wà nínú rẹ̀. Bí ẹ bá fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ìdí túùbù nìkan ló máa rí ẹ́ńsáìmù. Ẹ fi pìpẹ́ẹ̀tì tí ẹ gbé sí 35 µl rọra fà á wọlé, tì í jáde, nígbà mẹ́wàá, títí okùn náà á fi pòórá, kí ẹ sì yí i díẹ̀ nínú sẹ́ńtífúùjì. Ẹ má gbé e sórí ẹ̀rọ agbọ̀n.

Ẹ tún ṣe ọ̀wọ́ mẹ́ta mìíràn pẹ̀lú DNA tí ẹ ti fi M.SssI àti SAM tọ́jú ní 37°C, tí ẹ sì ti fọ̀ mọ́. Ẹ̀ẹ̀kan ti tó fún gbogbo ọ̀wọ́ sáńpù ọjọ́ kan. Lambda tí ẹ máa fi sí i, lẹ́yìn ìfọ̀ ni kó wọlé, àìṣe bẹ́ẹ̀ M.SssI á fi mẹ́tíìlì sórí òun náà.

*Àyẹ̀wò:* Omi inú A, B àti C dọ́gba lójú, kò sì sí okùn dídán nínú èyíkéyìí.

5. Ìgé

Inú ẹ̀rọ PCR tí ìdérí rẹ̀ gbóná ni kí ẹ ti ṣe é, ní 37°C. Lórí ohun agbóná lásán, omi máa gòkè lọ lẹ̀ mọ́ ìdérí túùbù, iyọ̀ ìsàlẹ̀ á pọ̀ jù, ẹ́ńsáìmù á sì dẹ́kun. Lẹ́yìn wákàtí 2, ẹ fi 1 µl ẹ́ńsáìmù mìíràn sí B àti C, glycerol sí A, ẹ pò ó bíi ti àkọ́kọ́, kí ẹ jẹ́ kó tó wákàtí 4 sí i, tàbí kó mọ́jú. Ẹ má fi ẹ́ńsáìmù kún un ju ìdá kan nínú mẹ́wàá àpòpọ̀ lọ. Bí glycerol bá kọjá 5%, ẹ́ńsáìmù lè bẹ̀rẹ̀ sí gé ibi tí kì í ṣe tirẹ̀.

Bí wọ́n bá mú iná lọ láàárín, ẹ má da iṣẹ́ nù. Òtútù kì í pa ẹ́ńsáìmù yìí, ó kàn ń mú un falẹ̀ ni. Ẹ yí túùbù nínú sẹ́ńtífúùjì kí omi ìdérí sọ̀kalẹ̀, ẹ dá a padà sí 37°C, kí ẹ sì fi àkókò tó sọnù kún un.

Níparí, 80°C fún ìṣẹ́jú 20 fún gbogbo túùbù. Ooru yìí máa pa HpaII, ó sì yẹ kó kú, torí ohun tí PCR ń ṣe kì í ní mẹ́tíìlì, HpaII tó bá ṣì wà láàyè lè gé e. MspI lè la ooru yìí já. Kò sí wàhálà níbẹ̀, gígé gbogbo CCGG náà ni iṣẹ́ tí a fẹ́ kó ṣe.

Ọ̀rọ̀ PCR tí kì í ní mẹ́tíìlì yìí ló fà á tí ìgé fi gbọ́dọ̀ ṣáájú PCR. Àwọn kan máa ń kọ́kọ́ fi PCR sọ DNA di púpọ̀ nítorí pé sáńpù wọn kéré, kí wọ́n tó fi HpaII gé e. PCR kì í da mẹ́tíìlì kọ. Gbogbo rẹ̀ ni HpaII máa gé, èsì náà kò sì ní sọ nǹkan kan nípa aláìsàn.

6. qPCR

2 µl látinú túùbù kọ̀ọ̀kan, nínú 20 µl, ìgbà mẹ́ta fún práímà kọ̀ọ̀kan. Ìyẹn jẹ́ DNA bí 8 ng, ẹ̀dà jínómù bí 2,400. Kí 95°C ṣáájú ohun gbogbo. Omi lásán kò gbọ́dọ̀ yọ nǹkan kan, pàápàá jù lọ pẹ̀lú práímà lambda.

*Àyẹ̀wò, kí ẹ tó wo ibi tí ẹ ń wá:*

Práímà tí kò ní CCGG: Ct (iye ìyípo PCR kí DNA tó hàn; bí DNA bá ṣe kéré tó, bẹ́ẹ̀ ni Ct ń pọ̀ tó) A, B àti C kò gbọ́dọ̀ fi ju 0.5 lọ yàtọ̀ síra. Bó bá jù bẹ́ẹ̀, pípín yín kò dọ́gba tàbí ohun kan ń dí PCR lọ́wọ́.

Práímà lambda: Ct B àti ti C gbọ́dọ̀ fi ó kéré tán 6 ju ti A lọ. Mẹ́fà túmọ̀ sí pé ohun tó ṣẹ́kù láìgé kò tó 2%. Bí lambda inú B bá fi 2 péré jù, ìdá kan nínú mẹ́rin DNA yín ni HpaII kò gé, ẹ kò sì gbọ́dọ̀ ka èsì yẹn rárá. Ẹ fọ DNA náà lẹ́ẹ̀kan sí i, kí ẹ tún un ṣe.

7. Ìṣirò

Ẹ yọ Ct túùbù A kúrò nínú ti B. Ẹ yọ ìyàtọ̀ tí práímà aláìní CCGG fi hàn láàárín B àti A kúrò nínú rẹ̀. Ohun tó kù ni ΔCt. Ìdá tó ní mẹ́tíìlì ni 2 tí a gbé sí agbára −ΔCt, ní ìlọ́po 100.

Ẹ jẹ́ ká sọ pé ibi tí ẹ ń wò fún yín ní 24.1 nínú A, 25.1 nínú B, 32.6 nínú C; pé aláìní CCGG sì ní 23.8, 23.9, 23.8. ΔCt B jẹ́ 1.0 − 0.1, ìyẹn 0.9, èsì sì jẹ́ 54%. Ti C jẹ́ 8.5, tí kò tó 0.3%. Nítorí náà ojú ìgé wà níbẹ̀, ó ṣeé gé, 54% yẹn sì ṣeé gbà gbọ́.

*Àyẹ̀wò:* Agbègbè H19 tí mo dárúkọ lókè ní mẹ́tíìlì lórí ẹ̀dà tí ó ti ọ̀dọ̀ bàbá wá, kò ní lórí ti ìyá. Nínú ẹ̀jẹ̀ ẹni tí ara rẹ̀ dá, ó yẹ kó wá sí àárín, nítòsí 50%. DNA tí M.SssI tọ́jú yẹ kó sún mọ́ 100%. Bí H19 bá fún yín ní 85%, ìgé yín ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí, kì í ṣe aláìsàn.

8. Kíka èsì

B bá A dọ́gba, C jìnnà: mẹ́tíìlì wà. B àti C jọ jìnnà sí A: kò sí mẹ́tíìlì. B wà láàárín: àwọn sẹ́ẹ̀lì tàbí ẹ̀dà kan ní in, àwọn mìíràn kò ní, ẹ rántí pé oríṣiríṣi sẹ́ẹ̀lì ló wà nínú ẹ̀jẹ̀, bí iye wọn bá yí padà, èsì lè yí padà láìjẹ́ pé sẹ́ẹ̀lì kankan yí mẹ́tíìlì rẹ̀ padà.

Bí A, B àti C bá dọ́gba, tí lambda sì gé dáadáa, ẹ má kọ "100%" sílẹ̀. CCGG ti yí padà lára ẹni yẹn, tàbí kẹ̀, DNA rẹ̀ jẹ́ okùn kan. Lambda tí ẹ fi kún un ní okùn méjì, kò sì lè tú àṣírí ìyẹn. Ẹ ka ìlà DNA ibẹ̀, kí ẹ sì tún fi Qubit wọ̀n ọ́n.

Fún ọpọlọ, ẹ fi ìkìlọ̀ kan sí èsì yín: haidirọ́sìmẹ́tíìlì, irú mẹ́tíìlì mìíràn, pọ̀ lórí DNA rẹ̀, ó sì ń dí HpaII lọ́wọ́ bíi mẹ́tíìlì gan-an. Ọ̀nà yìí nìkan kò lè yà wọ́n sọ́tọ̀.

Ní ti ẹni tó ń ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀gẹ́, iṣu tàbí ọ̀pẹ: ohun ọ̀gbìn máa ń fi mẹ́tíìlì sórí C àkọ́kọ́ nínú CCGG pẹ̀lú, MspI kì í sì í gé ìyẹn. Níbẹ̀, C tó bá A dọ́gba kì í ṣe àṣìṣe dandan. Ẹ jẹ́ kí lambda sọ bóyá ẹ́ńsáìmù ṣiṣẹ́, kí ẹ wá fi túùbù kẹrin kún un pẹ̀lú McrBC àti GTP. McrBC ń ṣe òdìkejì: DNA tó ní mẹ́tíìlì ló ń gé, ó sì ń fi èyí tí kò ní sílẹ̀. Bí MspI kò bá gé ibì kan, tí PCR túùbù McrBC ibẹ̀ sì lọ sílẹ̀ gan-an, mẹ́tíìlì ló wà níbẹ̀. Bí McrBC náà kò bá gé e, ẹ padà sí ìgbésẹ̀ 1, kí ẹ wò ó bóyá CCGG wà lára irúgbìn yẹn rárá.